"N Kò Ráyè" Kì Í Ṣe Àrùn Tí Kò Gbóògùn

Bí a bá kó gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn ń sọ láti Ọ̀sì títí dé Ìlọ́fà jọ sí ojú kan, mo rò pé "n kò ráyè" ni yóò pọ̀ jù nínú wọn. Olùkọ́ kò ráyè yẹ ìwé ọmọ wò. Oníṣòwò kò ráyè ṣírò owó ọjà rẹ̀. Ọmọ kò ráyè lọ kí ìyá tí ó bí i lọ́mọ. Ọ̀rọ̀ náà ti mọ́ wa lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń sọ ọ́ bí ẹni ń dárúkọ àìsàn kan tí kò sí ewé tí a lè já fún un. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, ìdí rẹ̀ sì ni mo fi mú kálámù lónìí.

Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀sì, ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Mo tún ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní iwájú ilé, níbi tí mo ti ń ta ọṣẹ, iyọ̀, ṣúgà, mílíìkì àti irú wọn, nítorí ẹ̀yin náà mọ bí owó oṣù olùkọ́ ti rí. Ìlọ́fà ni a ti bí mi, ibẹ̀ ni ìyá mi sì wà títí di òní. Iṣẹ́ méjì, ilé kan, àti ìyá arúgbó kan ní ìlú mìíràn: bí a bá ń ka àwọn tí ó yẹ kí wọ́n máa kígbe pé àwọn kò ráyè, a ó ka èmi náà mọ́ wọn.

Ohun kan sì tún dé tí ó mú ọ̀rọ̀ yìí le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ọjọ́ wa ti kúrú. N kò wí pé oòrùn ń tètè wọ̀ o. Ohun tí mo ń wí ni pé ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejì ọdún 2024, àwọn agbébọn wọ ààfin ní Kóro, ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ti Kwara níhìn-ín, wọ́n sì dá ẹ̀mí ọba ìlú náà, Ọba Ṣẹ́gun Àrẹ̀mú, légbodò. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ nínú wa kò fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá wa lójú ọ̀nà mọ́. Ní ìgbà kan rí, obìnrin a máa ti ọjà bọ̀ ní agogo mẹ́jọ alẹ́, a máa kọrin bọ̀ nínú ọkọ̀, kò sì sí ẹni tí yóò bi í pé kí ló dé. Nísisìyí, bí agogo márùn-ún bá ti ń lù, ojú gbogbo ènìyàn ti ń wá ilé. Wákàtí mẹ́ta ti já kúrò nínú ọjọ́ iṣẹ́ wa, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ kò dín. Owó ọkọ̀ pẹ̀lú ti gbówó lórí láti ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo. Ẹni tí ó bá rin ìrìn-àjò òfo lónìí, ó pàdánù owó, ó pàdánù ọjọ́, ó sì lè fi ara rẹ̀ sínú ewu.

Kí ni kí á ṣe sí i? Àwọn kan ní kí á túbọ̀ máa sáré. Ṣùgbọ́n mo ti ń wo àwọn tí ń sáré, n kò sì rí i pé wọ́n ń dé ibi tí wọ́n ń lọ ṣáájú wa. Ètò ni ó sọnù, kì í ṣe eré.

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ sọ fún yín kì í ṣe èyí tí mo kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn agbẹ́gilére ni mo ti rí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní ọ̀nà jíjìn lè máà mọ̀ pé ilé ọnà ni àgbègbè wa yìí. Ọ̀sì níhìn-ín ni Àrẹ̀ògún gbé, ẹni tí ó kú ní ọdún 1954, tí àwọn ilẹ̀kùn àti ère Ẹpa tí ó gbẹ́ sọ orúkọ rẹ̀ di mímọ̀ títí dé òkè òkun. Ọmọ rẹ̀, George Bándélé, wà lára àwọn tí ó ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì lọ́dọ̀ Fadá Kevin Carroll, ní ilé iṣẹ́ ọnà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1947. Ọ̀dọ̀ Bándélé yìí ni Làmídì Fákẹ́yẹ ará Ìlá Ọ̀ràngún ti lọ kọ́ṣẹ́ sí i, ẹni tí àjọ UNESCO dá lọ́lá ní ọdún 2006. Ní Odò-Ọwá, tí kò jìnnà sí Ìlọ́fà wa, ni Bámigbóyè ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Òun náà kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní iṣẹ́ ọnà ní Òmù-Àrán. Ní ọdún 2022, Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà kó àwọn iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jọ, wọ́n sì pe ayé wá wò wọ́n.

Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, bàbá kan tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ ilé wa. Bí a bá ti ilé ìwé dé, a máa ń lọ jókòó tì wọ́n. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ orúkọ ìpele mẹ́rin tí iṣẹ́ ère gbígbẹ́ ní.

Ìpele kìn-ín-ní ni ọ̀nà lílé. Àáké ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọn a la ìtì igi náà sí orí, ọrùn, ara àti ẹsẹ̀. Kò tíì ní ojú, kò tíì ní ìka, ṣùgbọ́n bí o bá wò ó, o ti mọ̀ bóyá ènìyàn ni tàbí ẹṣin. Èkejì ni àlétúnlé. Wọn a padà sórí ohun tí wọ́n ti lé, wọn a pín in sí kéékèèké: etí a jáde, ọwọ́ a jáde. Ẹ̀kẹta ni dídán, tí wọn yóò fi irin àti ọ̀bẹ mú ara ère náà jọ̀lọ̀. Ẹ̀kẹrin ni fínfín: nígbà náà ni ṣóńṣó ọ̀bẹ yóò wá fín ìpéǹpéjú, irun orí, ilà ojú àti ọnà ara aṣọ.

Igi tútù ni wọ́n ń gbẹ́, nítorí bí ó bá pẹ́ nílẹ̀, yóò gbẹ, yóò le, ó sì lè là. Ọjọ́ ọdún Ẹpa sì ti wà nílẹ̀, ọdún kì í dúró de agbẹ́gilére. Síbẹ̀ bàbá náà kì í sáré. N kò rí i kí wọ́n máa fín ojú kí wọ́n tó lé orí. Ohun tí ó mú kí iṣẹ́ wọn bá ọjọ́ mu nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí wé iṣẹ́ tiwa.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó jẹ́ pé fínfín ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ wọn. Mo mọ olùkọ́ kan tí yóò kọ́kọ́ fi kálámù pupa àti aláwọ̀ ewé fa ìlà sínú ìwé ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀, yóò fi rúlà wọ̀n ọ́n, yóò ya òdòdó sí igun rẹ̀. Ìwé náà a dára bí aṣọ òkè. Ṣùgbọ́n nígbà tí aago bá lù, kò tíì mọ ohun tí òun yóò kọ́ àwọn ọmọ. Mo mọ oníṣòwò tí yóò nu gbogbo agolo orí pẹpẹ kọ̀ọ̀kan, tí yóò tò wọ́n ní méjìméjì, tí kò sì tíì ka owó àná. Ohun tí wọ́n ń ṣe kò burú, àsìkò rẹ̀ ni kò tíì tó. Ibi tí a bá pè ní orí, a kì í fi tẹlẹ̀.

Ọ̀nà lílé ti ọjọ́ kan ni kí o mọ ohun kan tàbí méjì tí ó jẹ́ pé bí o bá ṣe wọ́n, ọjọ́ náà ti ní orí àti ara, bí ìyókù tilẹ̀ kù. Ní tèmi, agogo márùn-ún ààbọ̀ òwúrọ̀ ni mo ń lé ọ̀nà ọjọ́ mi, kí n tó fọwọ́ kan fóònù. Mo ní ìwé pélébé kan. Mo máa ń kọ ohun méjì sínú rẹ̀, n kì í kọ mẹ́wàá. Bí àpẹẹrẹ: "Kọ́ wọn ní ìpín onídàámẹ́wàá kí wọ́n tó jáde ìsinmi. San owó ọṣẹ." Ó parí. Bí àlejò bá dé, bí òjò bá rọ̀, bí iná bá lọ, mo mọ ohun tí n kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó bọ́.

Àlétúnlé ni kí á pín iṣẹ́ ńlá sí kéékèèké. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi mọ ẹrù tí ìwé ọmọ jẹ́. Ọmọ méjìdínláàádọ́ta ni ó wà ní kíláàsì mi. Bí mo bá lo ìṣẹ́jú méjì péré lórí ìwé kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ni, èyí tí ó ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ. Ta ni yóò rí wákàtí kan ààbọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Ṣùgbọ́n ìlà ìjókòó mẹ́rin ni mo ní, ọmọ méjìlá sì wà ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìlà kan ni mo ń yẹ̀ wò lójoojúmọ́, láti ọjọ́ Ajé títí dé Ọjọ́bọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún ni ó ń gbà mí, inú kíláàsì ni mo sì ti ń ṣe é tán. Ọjọ́ Ẹtì wà fún àwọn tí ó yẹ kí wọ́n tún iṣẹ́ wọn ṣe. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe èyí, n kì í ru ìwé ọmọ lọ sílé.

Ní ti ìṣòwò, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ obìnrin kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí tèmi. Òṣìṣẹ́ kára ni, kò sí ẹni tí yóò pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni ó máa ń lọ ra ọjà ní Òmù-Àrán. Bí iyọ̀ bá tán lónìí, ó ti wọ ọkọ̀. Bí ọṣẹ bá tán ní ọ̀túnla, ó tún ti wọ ọkọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọkọ̀ tí ó wọ̀ bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Agogo márùn-ún lù, kò dé. Agogo méje lù, kò dé. Fóònù rẹ̀ kò lọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta jáde sí ojú títì, èyí àbígbẹ̀yìn ń sunkún, gbogbo àdúgbò dúró tì wọ́n. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí agogo mẹ́sàn-án lù ni a rí i tí ó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Nígbà tí a bi í ní ohun tí ó lọ rà, páálí ọṣẹ méjì ni.

Ní ọjọ́ kejì, mo fún un ní ìwé kan, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi oṣù kan kọ ohun gbogbo tí ó bá tán sílẹ̀, àti ọjọ́ tí ó tán. Nígbà tí oṣù pé, àwa méjèèjì jókòó tì í. A rí i pé ohun mọ́kànlá péré ni ó ń yára tán, ìyókù a máa lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó di ìgbà kan lọ́sẹ̀ tí ó ń lọ sí ọjà. Ó ń jáde ní kùtùkùtù, ìwé rẹ̀ a wà lọ́wọ́ rẹ̀, oòrùn a sì tún bá a nílé. Ẹ ṣírò rẹ̀: ìrìn-àjò méjì lọ́sẹ̀ ni ó bọ́ kúrò lọ́rùn rẹ̀, mẹ́jọ lóṣù. Owó ọkọ̀ náà wà nínú ọjà rẹ̀ báyìí. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì tún dúró sí ojú títì mọ́.

Dídán ni ìpele kẹta, ohun tí ó sì ń fẹ́ ni pé kí ọwọ́ má kúrò lójú kan. Bí agbẹ́gilére bá ń dán ère, tí ó ń dìde lọ, tí ó ń dìde bọ̀, ara ère náà yóò ṣe ségesège. Fóònù ni olórí ohun tí ń gbé wa dìde lónìí. Mo ní fóònù, mo sì mọ rírì rẹ̀, nítorí mo máa ń fi í bèèrè iye ọjà kí n tó gbéra. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni mo ń ka WhatsApp: lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán àti ní alẹ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ pàjáwìrì, yóò pè mí. Ẹni tí ó bá lé eku méjì yóò pa òfo: olùkọ́ tí ń kọ́ ọmọ tí ó tún ń ka ohun tí ẹgbẹ́ ọmọ ilé ìwé rẹ̀ àtijọ́ ń sọ, kò kọ́ ọmọ, kò sì gbádùn ọ̀rọ̀.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé kì í ṣe ọ̀gá ni ó ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Bàbá tí mo sọ̀rọ̀ wọn fúnra wọn ni í lé ọ̀nà, ṣùgbọ́n wọn a máa fi díẹ̀ lára dídán sílẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́. Ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí. Mo kọ iye owó sára gbogbo páálí tí ó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, tí ó fi jẹ́ pé ọmọ mi tí ó wà ní ọdún mẹ́tàlá lè tà á láìpè mí. Ṣùgbọ́n ríra ọjà àti kíka owó, ọ̀nà lílé ni wọ́n. Èmi ni mo ń ṣe ìyẹn.

Ó wá ku fínfín, àti mímọ ìgbà tí a ó dá ọwọ́ dúró. Ère tí a kò bá fi sílẹ̀ ní àsìkò, ọ̀bẹ yóò fín in bàjẹ́. Àwọn ará ibòmíràn náà rí èyí. Ní ọdún 1955, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, C. Northcote Parkinson, kọ àròkọ kan sínú ìwé ìròyìn The Economist ní Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tí ó rí ni pé iye àkókò tí a bá fi sílẹ̀ fún iṣẹ́ ni iṣẹ́ náà yóò wú dé. Ó fi ìyá àgbà kan ṣe àpẹẹrẹ, ẹni tí kò ní iṣẹ́ mìíràn, tí yóò fi odidi ọjọ́ kan kọ káàdì kan ṣoṣo, nígbà tí ẹni tí iṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀ yóò kọ ọ́ tán ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Nítorí náà, ẹ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ ọdún tirẹ̀, bí Ẹpa ti ní tirẹ̀. Agogo méjìlá ààbọ̀ ni mo ń pa ìwé ọmọ dé. Bí iṣẹ́ bá mọ̀ pé ilẹ̀kùn yóò tì, yóò yára wọlé.

Ẹnìkan lè wí pé: "Ìwọ obìnrin yìí, ṣé o fẹ́ sọ wá di aago ni? Ṣé kí á má kí ara wa mọ́ ni?" Rárá o. Ẹni tí ó bá fi ọ̀rọ̀ àkókò kọ ìkíni, òkú sísin àti ìkómọjáde sílẹ̀, kò mọ ohun tí àkókò wà fún. Kì í sì ṣe ọ̀dọ̀ òyìnbó ni a ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ọjọ́ ní ètò. Kí aago tó dé, àwọn baba wa ní ọjà ọrún-ọrún, wọ́n ní àkùkọ ìdájí, wọ́n ní ìyálẹ̀ta àti ìrọ̀lẹ́, wọ́n sì mọ iṣẹ́ tí ó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan mu. Àgbẹ̀ tí ó bá gbin iṣu lẹ́yìn àsìkò mọ ohun tí yóò wà.

Èmi yóò sọ ohun tí mo fi àkókò tí mo rí ṣe fún yín. Ìyá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ojú wọn ń ṣe bàìbàì. Bí mo bá fi owó ránṣẹ́ sí wọn, wọn a dúpẹ́, wọn a sì tún wí fún ẹni tí ó mú un wá pé, "Sọ fún un pé kí ó wá jókòó." Wọn kò béèrè aṣọ, wọn kò béèrè ẹran. Kí n wá jókòó ni.

Nítorí pé iṣẹ́ ìwé ti tán ní kíláàsì, tí ọmọ mi sì lè dúró ní ṣọ́ọ̀bù, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì ti di ti Ìyá. Bí ilé ìwé bá ti jáde, mo ti wọ ọkọ̀ Ìlọ́fà, mo sì ti padà dé Ọ̀sì kí oòrùn tó rọ̀. Nǹkan bí wákàtí kan ni à ń jókòó. Wọ́n ń sọ oríkì ìdílé wa fún mi, ẹni tí ó bí ta, ibi tí àwọn baba ńlá wa ti wá, orúkọ àwọn tí ó ti kú kí a tó bí mi. Èmi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé náà ti dé ojú ewé ọgbọ̀n. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, wọ́n sọ orúkọ ìyá ìyá wọn fún mi, orúkọ tí kò sí ẹlòmíràn láàyè tí ó mọ̀ ọ́n. Bí mo bá wí pé n kò ráyè, ibo ni n bá ti rí i?

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn mi, ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú tí ń bọ̀ yìí, ẹ mú ìwé kan. Ẹ kọ ohun méjì tí yóò fún ọ̀sẹ̀ yín ní orí àti ara. Ẹ pín èyí tí ó tóbi nínú wọn sí mẹ́rin. Ẹ kọ wákàtí tí ẹ ó fi ojú kan iṣẹ́ láìgbé fóònù. Lẹ́yìn náà, ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ kọ orúkọ ẹnìkan tí ń retí yín. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí á máa tètè délé, kí á sì máa bá wọn láyọ̀. Ó dìgbà kan ná.